Ibi tí owó ilé-ẹ̀kọ́ ń bá lọ ní Ọsirélíà, àti ohun tó lè dá a padà

Ilé-ẹ̀kọ́ tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ ìjọba tí wọ́n ń pè ní CRICOS kò lè gba akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ wá fi físà akẹ́kọ̀ọ́ kàwé ní Ọsirélíà. Kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan náà ní nọ́ńbà tirẹ̀ níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ lè wà níbẹ̀ kí kọ́ọ̀sì tí ejẹ́ǹtì ń polówó má sí níbẹ̀, nítorí náà nọ́ńbà méjèèjì ló yẹ kéèyàn yẹ̀ wò. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Òfin ESOS ọdún 2000, òfin ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti òkè òkun, ló ń darí ọ̀rọ̀ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ó pẹ́ tán lásìkò tó ń sanwó. Ojú ewé tó sọ nípa owó tó máa padà ni kó kọ́kọ́ ṣí, torí ìyẹn ni wọn yóò fi dá a lóhùn bí òun fúnra rẹ̀ bá yí ọkàn padà. Bí kọ́ọ̀sì bá ju ọ̀sẹ̀ 25 lọ, wọn ò lè fi dandan gba ju ìdajì owó ẹ̀kọ́ lọ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni CoE máa jáde, ìwé tó fi hàn pé ó ti ní àyè, tí wọ́n fi ń béèrè físà. Bí wọn ò bá fún un ní físà ńkọ́? Ilé-ẹ̀kọ́ yóò yọ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó san, tàbí 500 dọ́là, èyíkéyìí tó bá kéré. Ẹni tó san 8,000, 400 ni wọn yóò yọ. Ẹni tó san 20,000, ìdá 5 rẹ̀ jẹ́ 1,000, ṣùgbọ́n 500 péré ni wọ́n lè mú; 19,500 yóò padà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Owó físà fúnra rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Bó bá jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ló kógbá sílé, ó ní ọjọ́ 14 láti wá àyè síbòmíràn tàbí dá owó ẹ̀kọ́ tí wọn ò tíì lò padà. Bí kò bá ṣe é, TPS, ètò ìjọba tó ń dáàbò bo owó ẹ̀kọ́, tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ń dáwó sí, ló máa gbà á ṣe.

Ibi tó ń gbé ọ̀pọ̀ ṣubú ni pípààrọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n á dé, wọ́n á rí èyí tó pọ́ọ́kú, wọ́n á fẹ́ sá lọ. Títí oṣù mẹ́fà kọ́ọ̀sì pàtàkì fi pé, ilé-ẹ̀kọ́ tuntun kò lè gbà á bí ti àkọ́kọ́ kò bá yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kó tó bọ́ sí másítà (oyè kejì), másítà ni wọ́n ń kà sí kọ́ọ̀sì pàtàkì. Oṣù tó fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò sí nínú ìṣírò. Ìyọ̀ǹda náà kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀, bí wọ́n bá sì kọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀.

Iṣẹ́ owó kò gbọdọ̀ ju wákàtí 48 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wà lẹ́nu iṣẹ́. Lásìkò ìsinmi, wákàtí iṣẹ́ kò ní òté.

Kí ilé-ẹ̀kọ́ tó fẹjọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ṣe dáadáa sun ìjọba, ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí i, kó sì fún un ní ọjọ́ iṣẹ́ 20 láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Bí ẹjọ́ náà bá kan yunifásítì, National Student Ombudsman, ọ́fíìsì ìjọba tó ń gbọ́ ẹ̀sùn akẹ́kọ̀ọ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2025, ń gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n àdírẹ́sì tó wà lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni lẹ́tà náà ń lọ. Ẹni tó kó ilé tí kò sọ fún wọn láàárín ọjọ́ méje, ọjọ́ 20 lè pé kó má tíì mọ̀ pé ẹjọ́ wà.