Ṣé irọ́ ni oògùn tí dókítà ò lè ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́?

Láti Dùgbẹ̀ dé Bódìjà, ọ̀rọ̀ kan kì í wọ́n lẹ́nu àwọn alágbo: "Àwọn dókítà fúnra wọn ò mọ bí oògùn òyìnbó ṣe ń ṣiṣẹ́." Òótọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀. Ibi tí wọ́n ń gbé e gbà lẹ́yìn ìyẹn ló léwu: pé bí kò bá ti yé wọn, kò dá wọn lójú nìyẹn, kí kálukú máa lo èyí tó wù ú.

Ẹ jẹ́ ká mú parasítámọ̀. Ọdún 1893 ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó fún aláìsàn. Ó ń mú ara gbígbóná wálẹ̀, orí fífọ́ ń gbọ́ tirẹ̀, síbẹ̀ àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ọ̀nà tó ń gbà ṣe é. Ọ̀nà tó ń gbà pani gan-an ni wọ́n mọ̀ dáadáa. Ẹ̀dọ̀ ló ń tú oògùn náà palẹ̀. Bó ṣe ń tú u, májèlé díẹ̀ máa ń jáde, ẹ̀dọ̀ sì ní èròjà kan tó fi ń pa májèlé ọ̀hún. Bí oògùn bá pọ̀ jù, èròjà yẹn á tán, májèlé á wá kọjú sí ẹ̀dọ̀.

Ìdí nìyẹn tí àgbàlagbà kì í fi í lò ju hóró méjì oní-500 mg lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ó kéré tán wákàtí mẹ́rin kọjá kó tó tún lò, kó má sì ju mẹ́jọ lọ láàrin wákàtí 24. Ẹni tó rù tàbí tó ń mutí gidi, tirẹ̀ gbọ́dọ̀ dín. Ibi tí wọ́n ti sábà ń ṣì í ni oògùn ọ̀fìnkìn: ẹ ka ara páálí rẹ̀, parasítámọ̀ máa ń wà nínú ìyẹn náà. Ẹni tó lò ó lálòjù lè jí lọ́jọ́ kejì bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Ó lè tó ọjọ́ kẹta kí ẹyinjú tó pọ́n rúsúrúsú bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Oògùn tó ń pa májèlé náà wà, kí wákàtí mẹ́jọ tó kọjá ló sì ti ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹ má dúró de ìrora kí ẹ tó gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Báwo ni wọ́n wá ṣe mọ̀ pé oògùn ń ṣiṣẹ́? Kíkà ni. Wọ́n á ṣẹ́ kèké láàrin àwọn aláìsàn, wọ́n á fún apá kan ní oògùn, wọ́n á fún apá kejì ní ohun tó jọ ọ́ tí kò ní nǹkan kan nínú. Aláìsàn ò mọ èyí tó gbà, ẹni tó fún un náà ò mọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ka iye ẹni tí ara tù níhìn-ín àti lọ́hùn-ún.

Bákan náà ni afẹ́fẹ́ tó ń múni sùn fún iṣẹ́ abẹ. Láti 1846, ní Boston, ni wọ́n ti fi han gbogbo ayé, kò sì tíì yé ẹnikẹ́ni tán. Ohun tó dájú ni pé ọ̀nà ọ̀fun kì í lè ṣọ́ ara rẹ̀ mọ́ nínú oorun yẹn. Nítorí náà ni wọ́n fi ń ní kí ẹ má jẹun fún wákàtí mẹ́fà, kí ẹ má mu omi fún méjì. Bí ẹ bá ti yọ́ mu ẹ̀kọ láàárọ̀, ẹ sọ. Oúnjẹ tó bá gòkè lè ya wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Àgbo ńkọ́? A ò kọ̀ ọ́ nítorí pé oníṣègùn ò lè ṣàlàyé rẹ̀. Gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ tí àwọn baba wa ń fi wo wèrè ní reserpine nínú lóòótọ́, èròjà tí wọ́n yọ lára ìbátan rẹ̀ ti Íńdíà ní 1952. Ó ń mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ìwọ̀n ni ìṣòro: gbòǹgbò kan le ju èkejì lọ, ife kan ò sì sọ iye tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó tún mu ún, òòyì lè kọ́ ọ bó bá dìde, kó sì ṣubú. Bí ẹ bá ń mu ún, ẹ dárúkọ rẹ̀ fún dókítà, kó lè wọn ìfúnpá yín ní ìjókòó, kó tún wọ̀n ọ́n ní ìdúró.