Kí ló dé tí ọlọ́pàá Amẹ́ríkà fi ń sọ fún ẹni tí wọ́n mú pé ó lè dákẹ́?

Ìbéèrè: Nínú fíìmù, bí ọlọ́pàá bá ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí ẹnìkan lọ́wọ́ ni wọ́n á máa wí pé, "O lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́." Ṣé òótọ́ ni àbí eré lásán?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ Ernesto Miranda ló fà á. Lọ́dún 1963, ọlọ́pàá ìlú Phoenix ní Arizona mú un lórí ẹ̀sùn ìjínigbé àti ìfipábánilòpọ̀. Wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò fún bíi wákàtí méjì, ó sì fọwọ́ sí ìwé pé òun lòun ṣe é. Lókè ìwé náà, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé ó mọ gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ta ló sọ ọ́ fún un? Kò sẹ́ni tó wí fún un pé lọ́yà lè jókòó tì í. Ẹnu òrofó pa òrofó: ẹ̀wọ̀n 20 sí 30 ọdún.

Lọ́dún 1966, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án nílé ẹjọ́ tó ga jùlọ wọ́gi lé ìdájọ́ náà. Ìwé òfin wọn ní a kò gbọdọ̀ fipá mú ènìyàn jẹ́rìí lòdì sí ara rẹ̀. Nítorí náà, kí ọlọ́pàá tó bi ẹni tó wà láhàámọ́ ní ìbéèrè, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún un pé ó lè dákẹ́, pé ohun tó bá sọ lè di ẹ̀rí lòdì sí i, pé ó lè ní lọ́yà, pé bí kò bá lówó rẹ̀, wọ́n á wá a fún un.

Ìbéèrè: Bí ọlọ́pàá ò bá wá sọ ọ́ ńkọ́, ṣé ó bọ́ nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o. Ibí ni fíìmù ti ń tan èèyàn. Ọ̀rọ̀ tó sọ nìkan ni ilé ẹjọ́ kò ní gbà. Ẹ̀rí yòókù wà níbẹ̀. Wọ́n tún Miranda fúnra rẹ̀ gbẹ́jọ́ lọ́dún 1967 láìlo ìwé yẹn. Obìnrin tí wọ́n jọ gbé rí wá jẹ́rìí pé ó jẹ́wọ́ fún òun, ni wọ́n bá tún rán an lẹ́wọ̀n. Nígbà tó jáde, ó ń buwọ́ lu káàdì tí ọlọ́pàá fi ń ka ẹ̀tọ́ náà, ó sì ń tà á! Wọ́n gún un pa nílé ọtí lọ́dún 1976.

Ìbéèrè: Ṣé kéèyàn kàn panu mọ́ ti tó?

Ìdáhùn: Kò tó, èyí ló sì yà mí lẹ́nu jù. Ní Michigan, ọkùnrin kan fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ nǹkan kan fún bíi wákàtí mẹ́ta. Ọlọ́pàá wá bi í bóyá ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó dárí jì í nítorí ọmọkùnrin tó yìnbọn pa. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Lọ́dún 2010, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ẹ̀rí nìyẹn, torí kò là á mọ́lẹ̀ pé òun fẹ́ dákẹ́. Adájọ́ Sotomayor yarí: ṣé ó di dandan kéèyàn sọ̀rọ̀ kó tó lè dákẹ́? Àmọ́ àwọn márùn-ún borí mẹ́rin. Nítorí náà, ẹni tọ́rọ̀ bá kàn á sọ ọ́ gbangba pé, "Mi ò sọ nǹkan kan, mo fẹ́ lọ́yà." Tó bá ti béèrè lọ́yà, ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ dẹ́kun ìbéèrè títí lọ́yà á fi dé, àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá tún dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀.