Fíìmù Menendez pa wá lẹ́kún, kí ló dé tí wọn ò fi wọ́n sílẹ̀? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Láti August 2025 tí ìròyìn ti jáde pé Erik àti Lyle Menendez ò tíì lè lọ sílé, ọ̀rọ̀ yẹn ò yé ọ̀pọ̀ èèyàn mọ́. A wo fíìmù wọn lórí Netflix, a sunkún, a gbọ́ pé adájọ́ ti dín ẹ̀wọ̀n wọn kù, àwa kan ti ń bá wọn dúpẹ́, àfi bí wọ́n ṣe tún ní kí wọ́n ṣì wà nínú ẹ̀wọ̀n. Mo kó àwọn ìbéèrè tó ń jà ràn-ìn jọ síbí.

Àwọn wo tiẹ̀ ni wọ́n?

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n, ní California l'Amẹ́ríkà. August 20, 1989 ni wọ́n yìnbọn pa bàbá wọn José àti ìyá wọn Kitty nínú ilé wọn ní Beverly Hills. Lyle jẹ́ ọmọ ọdún 21 nígbà yẹn, Erik 18.

Ṣé wọ́n jẹ́wọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni ìjà wà lórí ẹ̀.

Kí ni ìdí náà?

Ó kù sọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ bá bi. Àwọn ọmọ ní bàbá àwọn ti ń fipá bá àwọn lò láti kékeré, pé ẹ̀rù sì ń ba àwọn pé ó máa pa àwọn kí àṣírí má bàa tú. Ìjọba ní kò jọ ọ́, ogún ni wọ́n ń lé, torí kò pẹ́ tí wọ́n sin àwọn òbí yẹn tán tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í náwó ní ìnákúnàá, aago Rolex lónìí, mọ́tò Porsche lọ́la. Nígbà ẹjọ́ àkọ́kọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní jury tiẹ̀, ìyẹn àwọn aráàlú tó máa ń sọ bóyá èèyàn jẹ̀bi, kò sì sí èyí tó rí ọ̀rọ̀ náà fẹnu kò lé lórí nínú méjèèjì. Nígbà tí wọ́n tún un dá, adájọ́ dín ohun tí wọ́n lè sọ nípa ìfipábánilò yẹn kù, kò sì jẹ́ kí kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n wọlé. 1996 ni wọ́n fi wọ́n sẹ́wọ̀n gbére tí ò sí pé wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ ìdásílẹ̀.

Ṣé Netflix ló wá jí ẹjọ́ náà dìde?

Òun nìkan kọ́ o, ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. September 19, 2024 ni fíìmù eré náà jáde, àmọ́ láti May 2023 làwọn lọ́yà wọn ti kọ̀wé sí kọ́ọ̀tù, wọ́n mú lẹ́tà kan wá tí wọ́n ní Erik kọ sí ọmọ ẹbí wọn kan ṣáájú ìpànìyàn yẹn, wọ́n tún mú ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan wá tó ti bá ẹgbẹ́ olórin Menudo kọrin rí, tó ní José ṣe òun náà báṣubàṣu nígbà tóun wà lọ́mọdé. Ohun tí fíìmù ṣe ni pé ó sọ ọ̀rọ̀ tó wà nínú fáìlì di ọ̀rọ̀ ìta gbangba. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn ẹ̀ tí olórí agbẹjọ́rò ìjọba ní Los Angeles, George Gascón, fi ní kí wọ́n tún ẹ̀wọ̀n wọn gbé yẹ̀ wò. Ìbò ti ku ọjọ́ díẹ̀ nígbà yẹn, mi ò sọ nǹkan kan o. Gascón sì fìdí rẹmi nínú ìbò náà.

Kí ló dé tí fíìmù yẹn fi wọ̀ wá lára tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ rántí epísóòdù karùn-ún. Erik jókòó, lọ́yà ẹ̀ kọ̀yìn sí wa, ọmọ yẹn ń sọ ohun tójú ẹ̀ rí, kámẹ́rà ò kúrò lára ẹ̀, wọn ò gé e rárá fún ohun tó lé ní 30 ìṣẹ́jú, díẹ̀díẹ̀ ni kámẹ́rà ń sún mọ́ ọn títí tó fi jẹ́ ojú ẹ̀ nìkan là ń rí. Kò síbi tẹ́ ẹ fẹ́ gbójú sá sí. Ìwọ tó ò ń wò ó ti kúrò ní ẹni tó ń dájọ́, ìwọ gan-an lọmọ yẹn ń finú hàn, èwo lèèyàn á tún máa rò ju kó sunkún lọ? Ní kọ́ọ̀tù, lọ́yà ìjọba á ti dìde lẹ́ẹ̀mẹwàá, á bi í pé ìgbà wo, níbo, ta ló rí ẹ, kí ló dé tó ò sọ. Fíìmù ò ní lọ́yà ìjọba. Àwọn àgbà sì ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ká má parọ́ mọ́ ọn, àwọn epísóòdù míì gba ti àwọn òbí rò. Ṣùgbọ́n wọ́n tún gbé àwọn nǹkan tó jẹ́ àròsọ lásán síbẹ̀, bí ibi tí wọ́n ti dọ́gbọ́n sọ pé nǹkan wà láàárín tẹ̀gbọ́n tàbúrò yẹn, wọ́n sì yà á bí wọ́n ṣe ya àwọn ibi tó jẹ́ òótọ́, iná kan náà, orin kan náà. Erik fúnra ẹ̀ ránṣẹ́ látinú ẹ̀wọ̀n, ìyàwó ẹ̀ bá a gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé irọ́ wà nínú fíìmù náà.

Tí adájọ́ bá ti dín in kù, ta ló tún wá dá wọn dúró?

Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ní May 2025, adájọ́ Michael Jesic sọ ẹ̀wọ̀n wọn di ọdún 50 sí gbére, torí pé wọn ò tíì pé ọdún 26 nígbà tí wọ́n pànìyàn, òfin California gbà kí wọ́n bẹ̀bẹ̀ ìdásílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìgbìmọ̀ parole, ìyẹn àwọn tó ń pinnu bóyá ẹlẹ́wọ̀n lè máa lọ sílé, ló wá gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà, Erik ní August 21, Lyle lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì kọ̀ fún àwọn méjèèjì, ìgbìmọ̀ yẹn ò sì béèrè fíìmù, ìwà wọn nínú ẹ̀wọ̀n wà lára ohun tí wọ́n ń wò. Ọ̀kan lára ohun tó kó bá wọn ni fóònù tí wọ́n ń lò tí òfin ẹ̀wọ̀n ò fàyè gbà. Gbogbo ẹkún tá a sun, fóònù lásán wà lára ohun tó dà á nù.

Ṣé wọ́n gbọ́dọ̀ gbàyè lọ́wọ́ ẹbí kí wọ́n tó ṣe irú fíìmù yìí?

L'Amẹ́ríkà, rárá, ohun tí wọ́n bá ti sọ ní kọ́ọ̀tù ti di ti gbogbo ayé. Nígbà tí wọ́n ṣe fíìmù Jeffrey Dahmer ní 2022, ẹni tó pa èèyàn 17, obìnrin kan tí Dahmer pa àbúrò ẹ̀ ṣàdédé rí i tí òṣèré kan ń ṣe bí òun ṣe sunkún ní kọ́ọ̀tù, aṣọ tòun, ọ̀rọ̀ tòun. Ó ní kò sẹ́ni tó kàn sóun.

Ṣé tiwa náà nírú ẹ̀?

Ó wà. Hijack '93 tó jáde ní 2024 dá lórí bàálù Nigeria Airways táwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin jí gbé ní October 25, 1993 nítorí June 12, tí wọ́n gbé e dé Niamey. Ẹni tí wọn ò tíì bí nígbà yẹn á gbà pé bí wọ́n ṣe sọ̀rọ̀ nínú bàálù gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹni tó kọ eré ló kọ ọ̀rọ̀ yẹn sí wọn lẹ́nu.

Ọmọ mi jókòó tì mí wò ó, kò sì rí oorun sùn mọ́ ńkọ́?

Ẹ bi í ohun tó rí, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán kẹ́ ẹ tó dá a lóhùn. Fíìmù àgbàlagbà ni, Netflix sì ní ibi tẹ́ ẹ ti lè fi PIN tì í. Ẹni tírú nǹkan yìí ti ṣẹlẹ̀ sí rí, tí fíìmù náà bá ń ru nǹkan sókè nínú yín, ẹ pa á, kò sẹ́ni tó ń fún èèyàn ní ife-ẹ̀yẹ torí pé ó wò ó parí. Tẹ́ ẹ bá wà l'Ékòó, Mirabel Centre n'Íkẹjà ń tọ́jú àwọn tí wọ́n bá fipá bá lò, wọn ò sì gbowó.

Ṣé mo wá lè fi fíìmù náà bá èèyàn jiyàn?

Ẹ jiyàn dáadáa, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ lọ wo ẹjọ́ àkọ́kọ́, Court TV gbé e sáfẹ́fẹ́ nígbà yẹn, ẹ máa rí lára ẹ̀ lórí YouTube.

Ìgbà wo ni wọ́n tún máa padà síwájú ìgbìmọ̀?

Ọdún 3 ni wọ́n fún wọn, ìyẹn 2028 nìyẹn, bí wọn ò bá gbọ́ ọ ṣáájú ìgbà yẹn. Ní September 2025, adájọ́ míì tún da ìwé tí àwọn lọ́yà wọn kọ ní 2023 yẹn nù, ó ní ẹ̀rí tuntun tí wọ́n mú wá kò tó láti yí ẹjọ́ padà. Ẹni tó kù tó lágbára láti dárí jì wọ́n ni gómìnà California.