Àwọ̀ tí kì í ṣe aró: kí ló ń jẹ́ structural colour?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní UK, tẹ́ ẹ bá dé etíkun Cornwall tàbí Devon lásìkò tí òkun fà sẹ́yìn, ẹ yọjú wo omi tó kù sínú kòtò àárín àpáta. Ewéko òkun kan wà níbẹ̀ tó rí bí igbó kékeré, rainbow wrack ni wọ́n ń pè é, ó máa ń kọ mànà búlúù àti gíríìnì nínú omi, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé ẹ̀ka ẹ̀ kan sókè kúrò lómi báyìí, búráùn lásán lẹ máa rí. Ó yà mí lẹ́nu gan-an.

Kò sí aró búlúù kankan lára ẹ̀ o. Aṣọ tá a rẹ sínú aró ẹlú, aró yẹn ti wọnú òwú, ẹ ya aṣọ náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ, búlúù ló máa jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo pẹtiróòlù tó dà sórí omi òjò, tó ń ṣe bí òṣùmàrè, pẹtiróòlù ò ní àwọ̀ yẹn, omi náà ò ní i, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ta padà lára epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn ló fà á. Òun ni structural colour: ìtò ló ń mú àwọ̀ wá, kì í ṣe aró.

Ti ewéko yìí tún wá jinlẹ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀, àwọn àpò kékeré wà níbẹ̀, epo tó kán tótòtó ló kún inú wọn, gbogbo ẹ̀ rí roboto, ìwọ̀n kan náà, irun orí nípọn jù wọ́n lọ ju ìlọ́po ọgọ́rùn-ún lọ, wọ́n sì tò léra bí ìgbà tí ọlọ́sàn bá to ọsàn sórí àtẹ. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wọlé á máa ta padà láti ìpele dé ìpele, búlúù àti gíríìnì á gbe ara wọn lẹ́sẹ̀, ìyẹn ló ń wọ ojú wa. Báyìí náà ni òkúta opal ṣe ń dán, àmọ́ opal ti gan, kò lè yí padà mọ́.

Ewéko yìí lè yí i padà. Lọ́dún 2018 àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Bristol kọ ọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Science Advances pé tí ìmọ́lẹ̀ bá ti pọ̀ jù, ìtò epo yẹn á tú ká, dídán á lọ, tó bá pẹ́ díẹ̀ nínú òkùnkùn ó tún máa to ara ẹ̀ padà fúnra ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ àpò yẹn gan-an làwọn nǹkan tó ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ fún ewéko náà wà, ìdí nìyẹn táwọn onímọ̀ náà fi rò pé ewéko náà ń fi ìtò epo yẹn ṣètò iye ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ àwọn nǹkan yẹn, torí bí òkun ṣe ń kún tó ń fà, oòrùn ibẹ̀ kì í dúró sójú kan.