Bí Eyín Àgbìn Ṣe Dé Ọ̀dọ̀ Ẹni Tí Egungun Párì Rẹ̀ Ti Jẹ

Ní ilẹ̀ Òkun, láti Kàbà títí dé Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, a mọ ojú àgbàlagbà tí eyín rẹ̀ ti ká tán: ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wọnú, àgbọ̀n á máa sún mọ́ imú. A máa ń ní ogbó ló dé. Ogbó nìkan kọ́. Iṣẹ́ tí gbòǹgbò eyín ń ṣe ló ń mú egungun párì dúró. Bí eyín bá ti kúrò, egungun á máa wó bí ebè tí wọ́n ti wa iṣu inú rẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ ló ń yára jù. Eyín àtọwọ́dá tí à ń yọ sínú omi lálẹ́ kì í dá a dúró. Àìsàn èrìgì náà ń jẹ egungun, bẹ́ẹ̀ ni kókó inú párì tó di dandan kí dókítà gé.

Ó pẹ́ tí aráyé ti ń wá ohun tí wọ́n lè gbìn síbẹ̀. Ní 1931, wọ́n hú egungun párì ará Maya àtijọ́ kan, ìran kan ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, jáde ní Honduras, tí wọ́n fi ìkarahun mẹ́ta ṣe eyín sí. Nígbà tí wọ́n ya X-ray rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n rí i pé egungun ti hù yí ìkarahun náà ká. Ààyè ni ẹni náà wà nígbà tí wọ́n gbìn ín fún un.

Ara ehoro ni èyí tí à ń lò lónìí ti wá. Ní 1952, ní ìlú Lund ní Sweden, oníṣègùn Per-Ingvar Brånemark fi ohun èlò kékeré tí wọ́n fi irin titanium ṣe sínú egungun ẹsẹ̀ ehoro kó lè máa wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn. Nígbà tó fẹ́ yọ ọ́, kò yọ: egungun ti dì mọ́ ọn. Iṣẹ́ tó ń ṣe kò kan eyín rárá. Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà, torí ẹlòmíì ì bá fọ́ egungun náà, kó mú nǹkan rẹ̀, kó sì bá tirẹ̀ lọ. Òun dúró, ó wádìí ohun tó fà á. Ní 1965, ó gbin síkúrù titanium, tí eyín á dúró lé bí ẹni pé gbòǹgbò ni, sí párì ìsàlẹ̀ Gösta Larsson, ẹni tí wọ́n bí pẹ̀lú àléébù párì. Larsson lò ó títí tó fi kú ní 2006. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ dókítà eyín kò gbà á gbọ́ àfi lẹ́yìn ìpàdé kan lórí iṣẹ́ náà ní Toronto, ní Canada, ní 1982.

Ṣùgbọ́n síkúrù ń fẹ́ egungun tó máa dì í mú. "Egungun yín kò tó" ni wọ́n ń sọ fún ẹni tó ti pẹ́ láìní eyín, onítọ̀hún á sì padà sílé. Lójú tèmi, wíwá ìdáhùn sí gbólóhùn yẹn ni ìtàn eyín àgbìn látìgbà náà.

Àwọn kan bu egungun láti ìbàdí tàbí àgbọ̀n aláìsàn fúnra rẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ párì, wọ́n sì dúró fún oṣù mélòó kan kó mú. Àwọn mìíràn ń lo egungun màlúù tí wọ́n ti ṣètò. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ ka ẹran kan léèwọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ibi tí egungun ti wá. Ní párì òkè, ihò afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ imú ló máa ń gba àyè. Hilt Tatum, dókítà eyín kan ní Alabama ní Amẹ́ríkà, ní àárín ọdún 1970 sí 1979, rọra gbé awọ ihò náà sókè, ó sì fi egungun sábẹ́ rẹ̀. Fún ẹni tí párì òkè rẹ̀ ti tán pátápátá, Brånemark gbé síkúrù gígùn lọ sínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ lábẹ́ ojú. Paulo Malo, dókítà eyín kan ní Lisbon ní Portugal, ní tirẹ̀ lo síkúrù mẹ́rin péré fún odindi párì, ó jẹ́ kí àwọn méjì ẹ̀yìn fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n lè yà fún ihò náà, ọ̀pọ̀ aláìsàn kò sì nílò àlẹ̀mọ́ egungun mọ́. Síkúrù kúkúrú, tí kò nílò egungun púpọ̀, náà ti wà báyìí.

Kò sí èyí tó bá gbogbo ènìyàn mu. Ìtọ̀ ṣúgà tí a kò káwọ́ àti sìgá máa ń ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún nílé pé egungun rẹ̀ kò tó, kó béèrè bóyá CT, ẹ̀rọ X-ray tó ń ya inú egungun láti ìhà gbogbo, ni wọ́n fi wò ó, kó sì gba Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ lọ, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà eyín. Ẹni tí eyín rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu, tó sì fẹ́ lọ yọ ọ́, kó bi dókítà kí wọ́n tó fà á bóyá wọ́n lè fi egungun dí ihò tí eyín náà bá fi sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an.