Láti Orí Ìkéde Dé Orí Pèpéle: Bí Àpérò Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Kẹ́mísírì Ṣe Ń Wáyé

Ìkéde àpérò ẹgbẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sábà máa ń ní ju ọjọ́ kan lọ nínú. Ọjọ́ tí wọ́n kọ gàdàgbà sókè ni ọjọ́ tí àpérò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí, ibẹ̀ sì ni ojú ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ lọ. Àwọn ọjọ́ mìíràn wà nísàlẹ̀, nínú lẹ́tà kéékèèké: ọjọ́ tí gbígba àṣamọ̀, ìyẹn àkékúrú ọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ìwádìí, yóò parí, ọjọ́ tí owó ìforúkọsílẹ̀ yóò lọ sókè, àti ọjọ́ tí ẹni tó ń wá ìrànwọ́ owó gbọ́dọ̀ ti kọ̀wé. Fún ẹni tó ní iṣẹ́ ìwádìí tó fẹ́ gbé síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn ọjọ́ ìsàlẹ̀ yìí ló ni àpérò náà ní ti gidi, nítorí pé nígbà tí ọjọ́ ńlá tó wà lókè bá fi máa pé, ẹni tí yóò sọ̀rọ̀, ohun tí yóò sọ, iyàrá tí yóò ti sọ ọ́ àti iye ìṣẹ́jú tí yóò lò, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti parí láti ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ sẹ́yìn.

Yíyan ìlú ni iṣẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Kẹ́mísírì ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní New York ní ọdún 1876, máa ń ṣe àpérò ńlá méjì lọ́dún, ọ̀kan ní nǹkan bí oṣù Kẹta, èkejì ní nǹkan bí oṣù Kẹjọ, àwọn tó sì ń péjọ síbẹ̀ lè ju 10,000 lọ. Ìlú tó lè gba irú èrò bẹ́ẹ̀ kò pọ̀: ó gbọ́dọ̀ ní gbọ̀ngàn ńlá tó ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ iyàrá, òtẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ tó sì sún mọ́ ara wọn, àti pápákọ̀ òfurufú tí ọkọ̀ láti òkèèrè ń balẹ̀ sí. Ìdí nìyí tí orúkọ ìlú kan náà, bíi San Francisco, San Diego, New Orleans, Chicago àti Philadelphia, fi ń padà wá léraléra, tó sì jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí àdéhùn. Àjọ IUPAC, tó ti ń so àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì àgbáyé pọ̀ láti ọdún 1919, ń gbé àpérò tirẹ̀ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè ní ọdún méjì méjì: São Paulo ní Brazil ló gbà á ní 2017, Paris ní 2019, Kuala Lumpur ní 2025. Chemical Society of Nigeria, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1977, ní ẹ̀ka káàkiri ìpínlẹ̀, àpérò ọdọọdún rẹ̀ sì ń lọ láti ìlú kan sí òmíràn, tó fi jẹ́ pé ẹ̀ka tó bá gbàlejò ló ń ru ẹrù náà: gbọ̀ngàn, ibùsùn, oúnjẹ, ọkọ̀ tí yóò lọ kó àlejò, àti jẹnẹrétọ̀ tí kò gbọdọ̀ kú nígbà tí ẹnì kan bá wà lórí ọ̀rọ̀.

Ẹgbẹ́ ńlá kì í jókòó sí ojú kan ṣètò gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn yóò sọ. Ẹ̀ka ìmọ̀ tó lé ní 30 ló wà lábẹ́ ẹgbẹ́ ti Amẹ́ríkà, láti orí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí oúnjẹ, oògùn àti àyíká, títí dé orí àwọn tó ń ṣe ìtàn ìmọ̀ kẹ́mísírì fúnra rẹ̀. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ń yan àwọn tí yóò ṣètò ìjókòó tirẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n tàbí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni àwọn wọ̀nyí, wọ́n sì ń fi àkókò ara wọn ṣe é láìgba owó. Wọn á mú kókó kan, bí àpẹẹrẹ bí a ṣe lè yọ òjé kúrò nínú omi mímu, wọn á pe àwọn mélòó kan tí iṣẹ́ wọn ti hàn sí ayé, wọn á sì fi àyè tó kù sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fi àṣamọ̀ ránṣẹ́. Àyè tó kù yìí ni ìkéde ń wá èèyàn sí.

Àṣamọ̀ jẹ́ àkékúrú ọ̀rọ̀, tí kì í sábà ju ọ̀rọ̀ 200 sí 300 lọ, tí olùwádìí fi ń sọ ìṣòro tó dojú kọ, ohun tó ṣe sí i, ohun tó rí, àti ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n kò sí ìwé mìíràn nínú gbogbo ètò náà tí ọ̀rọ̀ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tó o: òun ni ìgbìmọ̀ yóò fi gba iṣẹ́ tàbí kọ̀ ọ́, òun ni wọn yóò tẹ̀ sínú ìwé ètò, òun sì ni àlejò yóò kà lálẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní láti mọ iyàrá tí òun yóò wọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ibi tó ti le ni pé oṣù mẹ́rin, márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú àpérò ni wọ́n máa ń gbà á, nígbà tí iṣẹ́ lè má tíì parí nínú yàrá àyẹ̀wò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n sá tí wọ́n sì lọ̀ kúnná yọ òjé nínú omi lè ti rí i pé ọ̀nà náà ṣiṣẹ́, kí ó má sì tíì mọ iye ìgbà tí a lè tún èèpo kan náà lò. Ohun tó tọ́ ni pé kí ó kọ èyí tó ti wà lọ́wọ́, pẹ̀lú iye rẹ̀: ìwọ̀n òjé tó wà nínú omi níbẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n tó kù, àti iye ìṣẹ́jú tó gbà. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé èèpo náà ṣiṣẹ́ dáadáa kò tíì sọ ohunkóhun, ẹni tó bá sì kọ ọ́ pé àbájáde yóò di mímọ̀ níbi àpérò ti fún ìgbìmọ̀ ní ìdí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti kọ̀ ọ́.

Nígbà tí ọjọ́ bá kọjá, àwọn olùṣètò á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wọlé. Wọ́n ń wò ó bóyá iṣẹ́ náà bá kókó ìjókòó mu, bóyá àbájáde wà nínú rẹ̀, àti bóyá kì í ṣe ìpolówó ọjà ni ẹnì kan fi aṣọ ìwádìí wọ̀. Wọn kì í tún ìdánwò náà ṣe, wọn kì í sì í yẹ gbogbo ìṣírò rẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí àwọn olùyẹ̀wò jọ́nà (ìwé tí wọ́n ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí sí) ṣe máa ń ṣe, ọ̀rọ̀ yìí yóò sì padà wá láìpẹ́. Àwọn iṣẹ́ kan yóò gba orí pèpéle, níbi tí olùsọ̀rọ̀ á ti ní bí ìṣẹ́jú 15 tàbí 20, pẹ̀lú ìbéèrè nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ yóò gba pósítà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń to ètò, iṣẹ́ tó ń fún ni ní orí fífọ́, nítorí pé ìjókòó méjì tí àwọn èèyàn kan náà fẹ́ wà níbẹ̀ kò yẹ kó bọ́ sí wákàtí kan náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan kò lè sọ̀rọ̀ ní iyàrá méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ọjọ́ àpérò, àkókò ni alága ìjókòó ń ṣọ́ jù lọ. Bí ìwé ètò bá sọ pé ọ̀rọ̀ kan yóò bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, kò gbọdọ̀ yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kódà bí ẹni tó yẹ kó sọ̀rọ̀ ṣáájú kò bá wá rárá, nítorí pé ẹnì kan ń bọ̀ láti gbọ̀ngàn mìíràn, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló sì ń bá bọ̀. Ẹni tí kò mọ ìdí èyí lè rò pé ìwà líle ni.

Pósítà ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ máa ń kà sí ipò kejì, èrò yìí kò sì tọ̀nà. Bébà ńlá kan ni, tó sábà máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 84 ní ìbú àti 119 ní gígùn, tí wọ́n fi kọ́ sára pátákó, tí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà á sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì. Orí pèpéle, ìbéèrè méjì tàbí mẹ́ta ni àkókò máa ń gbà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósítà, àgbà onímọ̀ tó ti lo ọgbọ̀n ọdún lórí omi lè dúró, kí ó tọ́ka sí ìlà kan, kí ó béèrè bóyá wọ́n wọn bí omi náà ṣe kan tó kí wọ́n tó da èèpo sí i, ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn sì lè gba akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ́wọ́ iṣẹ́ àṣedànù oṣù mẹ́fà. Àwọn Yorùbá ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àgbà náà lè ṣàkọsílẹ̀ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ yẹn, nítorí pé ó ń wá ẹni tí yóò bá òun ṣiṣẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀.

Kì í ṣe gbogbo àpérò ló ń gba ọ̀nà kan náà. Nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní Faraday Discussions, tó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1907, gbogbo olùkópa ti ka iṣẹ́ náà tán kí wọ́n tó dé, tó fi jẹ́ pé ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni olùsọ̀rọ̀ ní, àríyànjiyàn ló ń gba àkókò tó kù, wọ́n sì ń tẹ àríyànjiyàn náà jáde pẹ̀lú iṣẹ́ ọ̀hún. Gordon Research Conferences ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ pátápátá sí èyí: àwọn èèyàn díẹ̀ á gbé pọ̀ fún ọjọ́ bíi márùn-ún, wọn á jọ jẹun, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ya àwòrán tàbí tẹ ohun tó gbọ́ níbẹ̀ jáde, kí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì pé lè sọ ọ́ láìbẹ̀rù.

Ìwọ̀n tó yẹ kí a fi wọn ọ̀rọ̀ tí a sọ ní àpérò hàn kedere ní ọdún 1989. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún náà, Stanley Pons àti Martin Fleischmann, onímọ̀ kẹ́mísírì méjì, sọ fún àwọn oníròyìn ní Yunifásítì Utah pé àwọn ti mú kí kóró átọ̀mù dà pọ̀ nínú ìgò omi lórí tábìlì, iṣẹ́ tó jẹ́ pé inú oòrùn ni a mọ̀ ọ́n sí. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin, Pons gun pèpéle àpérò ẹgbẹ́ onímọ̀ kẹ́mísírì ní Dallas níwájú nǹkan bí 7,000 èèyàn, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un gidigidi. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún, ẹgbẹ́ onímọ̀ físíìsì pàdé ní Baltimore, níbi tí Nathan Lewis, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ kẹ́mísírì, ti sọ pé àwọn tún ìdánwò náà ṣe léraléra láìrí nǹkan kan, ó sì ṣàlàyé pé bí wọn kò bá ru omi inú ìgò náà dáadáa, ìwọ̀n ooru rẹ̀ lè ṣi ni lọ́nà. Ẹni tó gbọ́ ti Dallas nìkan yóò ní àpérò ló tan ayé jẹ. Ẹni tó bá fi ti Baltimore kún un yóò rí i pé àpérò náà ló tú u fó. Gbígba àṣamọ̀ túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ náà yẹ ní gbígbọ́, kò túmọ̀ sí pé ó ti jẹ́ òtítọ́.

Ní ti owó, ohun tó máa ń ya àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ni pé ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ náà ń san owó ìforúkọsílẹ̀, àfi bí ó bá jẹ́ ọ̀kan lára àwọn díẹ̀ tí wọ́n pè. Owó tí ọmọ ẹgbẹ́ ń san kéré sí ti àlejò, ti akẹ́kọ̀ọ́ ló sì kéré jù lọ. Fún ẹni tó ń gbé ní Ìbàdàn, Kútọnu tàbí Lomé, físà ló le ju owó lọ. Ẹgbẹ́ lè kọ lẹ́tà pé wọ́n ti gba iṣẹ́ ẹni náà, ṣùgbọ́n lẹ́tà yẹn kò de ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba, àkókò tí ènìyàn yóò fi dúró de ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò sì lè gùn ju àkókò tó wà láàárín ìgbà tí wọ́n gba àṣamọ̀ àti ọjọ́ àpérò. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a ka ọjọ́ láti ẹ̀yìn wá, kí a fi àṣamọ̀ ránṣẹ́ ní kété tí wọ́n bá ti ṣílẹ̀kùn, kí a sì béèrè lẹ́tà ní ọjọ́ tí èsì bá dé. Láti ìgbà tí àrùn Kòfídì ti mú kí wọ́n fagi lé àpérò tí ẹgbẹ́ ti Amẹ́ríkà fẹ́ ṣe ní Philadelphia ní oṣù Kẹta ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń jẹ́ kí èèyàn kópa láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí sì ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó lè ṣèèṣì pàdé àgbà onímọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósítà níbẹ̀.

Ayédèrú àpérò náà wà. Ìwé ìpè tó kún fún ìyìn, tó ń pe onímọ̀ kẹ́mísírì láti wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ abẹ ọkàn, tó gba àṣamọ̀ láàárín wákàtí mélòó kan, tó sì ń yára béèrè owó, kò wá láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kankan tó ní ọmọ ẹgbẹ́. Ní 2019, ilé-ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe irú òwò bẹ́ẹ̀ san owó tó lé ní mílíọ̀nù 50 dọ́là.

Ẹgbẹ́ tòótọ́ máa ń ní ohun kan tí kò sí nínú ìkéde rẹ̀, ìyẹn ohun tí àwọn èèyàn ń gbé relé. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1860, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì tó lé ní 120 péjọ sí Karlsruhe ní Jámánì fún ọjọ́ mẹ́ta, lórí ìpè August Kekulé, Adolphe Wurtz àti Karl Weltzien, nítorí pé ẹnu wọn kò kò lórí ohun tí átọ̀mù jẹ́ àti bó ṣe wúwo tó. Ásíìdì tó ń mú fínígà kan nìkan, ọ̀nà 19 ni Kekulé kà pé wọ́n ń gbà kọ ọ́. Wọ́n jiyàn títí, ìpàdé sì tú láìsí ìpinnu tó de ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ti ń tú ká ni Angelo Pavesi ń pín ìwé pẹlẹbẹ kan tí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Stanislao Cannizzaro ará Ítálì, kọ lórí ìwọ̀n átọ̀mù. Lothar Meyer, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Jámánì, fi tirẹ̀ sápò, ó kà á lójú ọ̀nà, ó tún un kà nígbà tó délé, ó sì kọ lẹ́yìn náà pé ńṣe ló dà bí ẹni pé ìpẹ́ bọ́ kúrò lójú òun. Dmitri Mendeleev, ọ̀dọ́ ará Rọ́ṣíà ẹni ọdún 26, wà nínú gbọ̀ngàn náà pẹ̀lú. Ní 1869, ó tẹ tábìlì ẹ́límẹ́ńtì rẹ̀ jáde, ó sì tò wọ́n ní ìbámu pẹ̀lú ìwọ̀n átọ̀mù tí Cannizzaro jà fún.