Àmì Dúdú Abẹ́ Ẹsẹ̀: Bí A Ṣe Ń Yẹ Ara Wò fún Jẹjẹrẹ Awọ

Bí wọ́n bá ní kí ènìyàn yẹ àmì ara rẹ̀ wò nítorí jẹjẹrẹ, ojú, ọrùn àti apá ni ọ̀pọ̀ máa ń wò, wọ́n á sì gbàgbé abẹ́ ẹsẹ̀. Àwa aláwọ̀ dúdú ò gbọdọ̀ gbàgbé ibẹ̀. Ẹ̀yà jẹjẹrẹ awọ tí à ń pè ní mẹlanómà, àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lára wa. Àgbẹ̀ tó ń gbin pákí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ìyá tó ń ta obì ní Ṣágámù, akọ̀wé tó ń wọ bàtà aláwọ lọ síbi iṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ibì kan náà ni kí gbogbo wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ni mẹlanómà gan-an? Nínú awọ wa, ní ìsàlẹ̀ ìpele tó wà lókè pátápátá, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń ṣe dúdú tó fún ara láwọ̀. Bí díẹ̀ nínú wọn bá kóra jọ síbì kan, tí wọ́n sì jókòó jẹ́ẹ́, àmì dúdú lásán nìyẹn, ọ̀pọ̀ wa la sì ní in láti kékeré. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ láìgba ìjánu, mẹlanómà dé nìyẹn. Lákọ̀ọ́kọ́, á máa tẹ́ lọ lójú awọ, níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ò dé, torí náà kò tíì rọ́nà lọ síbòmíràn. Tó bá wá ya sísàlẹ̀, á kan iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan omi ara. Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ á gba ibẹ̀ dé àwọn kókó tó wà níbi tí itan ti pàdé ikùn, láti ibẹ̀ ó lè dé ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ tàbí ọpọlọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń fi mìlímítà wọn bó ṣe jìn tó. Èyí tí kò ju mìlímítà 1 lọ, gígé nìkan sábà máa ń tó o. Èyí tó ti ju mìlímítà 4 lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti le gan-an. Nítorí mìlímítà mẹ́ta tó wà láàárín méjèèjì la ṣe ń yẹ ara wò.

Ní ọdún 1985, àwọn dókítà kan ní Yunifásítì New York to ìbéèrè mẹ́rin kalẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè bi ara rẹ̀ nípa àmì kan. Ọdún 2004 ni wọ́n fi ìkarùn-ún kún un. Ṣé ìdajì àmì náà bá ìdajì kejì mu? Ṣé etí rẹ̀ já geere, àbí ó rí jágajàga? Ṣé àwọ̀ kan ṣoṣo ni, àbí dúdú, àwọ̀ ilẹ̀, pupa àti eérú ló dà pọ̀? Ṣé ó fẹ̀ ju mìlímítà 6 lọ, ìyẹn nǹkan bí ìdí pẹ́ńsù oní-rọ́bà? Ìkarùn-ún: ṣé ó ń yí padà? Lójú tiwa, ìkarùn-ún yìí ló wúlò jù fún aláwọ̀ dúdú. Lára awọ dúdú, etí àmì kì í hàn ketekete, ìwúwo ara tí à ń gbé lé àtẹ́lẹsẹ̀ sì máa ń fa àmì ibẹ̀ gùn. Àmì tó ti wà bákan náà láti ogún ọdún, tí etí rẹ̀ tiẹ̀ rí wúruwùru, kò da ọkàn wa láàmú tó èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó kọjá tó sì ń tóbi sí i.

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ti tó fún àyẹ̀wò náà. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti kànrìnkànrìn fọ ẹsẹ̀ dáadáa. Bí abẹ́ ẹsẹ̀ bá ti le, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Erùpẹ̀ pupa, oje pákí, àwọ̀ obì àti lààlì lè dà bí àmì. Èyí tó bá ṣí kúrò kì í ṣe àmì, lààlì nìkan ni yóò gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣá. Ẹ má fi abẹ ha nǹkan kan o. Ẹ jókòó sórí àpótí lẹ́nu ilẹ̀kùn láàárọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ lè bọ́ sí i, torí tọ́ọ̀ṣì fóònù máa ń pa àwọ̀ dà. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan lé orúnkún kejì, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti gìgísẹ̀, kẹ́ ẹ máa bọ̀ síwájú títí dé orí àwọn ọmọ ìka. Ẹ ya ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ wo àárín wọn.

Lẹ́yìn ẹsẹ̀, ó kan àtẹ́lẹwọ́, èékánná gbogbo, ètè àti inú ẹnu, ojú ara pẹ̀lú ìdí. Ẹ bẹ ẹnìkejì yín kó wo ẹ̀yìn yín. Orí ni ti onídìrí tàbí onígbàjámọ̀: ẹ sọ fún un pé bó bá rí àmì tàbí egbò kan nígbà tó ń ya irun, kó sọ. Àwọn bàbá àti màmá tí kò lè tẹ̀ ba mọ́, ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ bá wọn wo ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ti ju àádọ́ta ọdún lọ gan-an ni mẹlanómà ẹsẹ̀ máa ń mú jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ti Èkó wálé wá ṣọdún Iléyá, tẹ́ ẹ ń dúró de Ojúde Ọba, ẹ bu omi sínú abọ́, kẹ́ ẹ bá wọn fọ ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì wo abẹ́ rẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá rí àmì tí kò yé yín, ẹ fi rúlà ọmọ iléèwé tì í, kẹ́ ẹ yà á ní fọ́tò láti òkè tààrà, kí ojú rúlà hàn. Lóṣù kejì, ẹ yà á níbi kan náà, lásìkò kan náà. Ojú ènìyàn máa ń gbàgbé, fọ́tò kì í gbàgbé. Àmì tuntun lábẹ́ ẹsẹ̀ tí kò tíì yé ènìyàn lẹ́yìn oṣù méjì, dókítà ló kàn. Èyí tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀, tó ń yọ egbò, tàbí tó ń yára tóbi, ẹ má dúró de oṣù méjì kankan.

Kí ẹ̀rù má bàa ba ènìyàn lásán: àwọn tó ní àmì aláwọ̀ ilẹ̀ bíi mélòó kan káàkiri àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ láàárín wa, tó fẹ̀ẹ́rẹ́, tí kì í yí padà. Ara ló ṣe é. Kókó dúdú wẹ́wẹ́ tó máa ń kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn àgbà, tó máa ń rìn nínú ìdílé, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín fínnífínní: ìlà tín-ín-rín ló kún un, ó rí bí ebè àti poro inú oko. Dókítà awọ ní awò kékeré oníná kan tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá. Bó bá fi wo àmì lásán, inú poro ni yóò ti sábà rí dúdú rẹ̀. Ti mẹlanómà, orí ebè ló máa ń gùn. Ojú lásán kò lè rí ìyàtọ̀ yìí dáadáa, ohun tó sì jẹ́ kí lílọ sọ́dọ̀ dókítà awọ tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn: ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò ní nílò kí wọ́n gé nǹkan kan lára wọn.

Èékánná ló máa ń rú ènìyàn lójú jù. Ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ló ní ìlà dúdú tàbí ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ tó gùn láti ìdí èékánná dé ẹnu rẹ̀, pàápàá bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè. Bí ìlà náà bá wà lórí ìka bíi mélòó kan, tó tín-ín-rín, tí àwọ̀ rẹ̀ dọ́gba, ẹ fọkàn balẹ̀. Èyí tó yẹ ká fura sí ni ìlà tó dá wà lórí ìka kan ṣoṣo, àgàgà àtàǹpàkò ọwọ́ tàbí ti ẹsẹ̀. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n. Bó bá ti fẹ̀ ju mìlímítà 3 lọ, ẹ fi han dókítà. Ẹ wo ìdí rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu rẹ̀: ẹnu èékánná ti hù láti oṣù tó ti pẹ́, ìdí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ni, nítorí náà bí ìlà bá fẹ̀ nídìí ju bó ṣe fẹ̀ lẹ́nu lọ, a jẹ́ pé ó ń gbòòrò sí i. Ẹ wo awọ tó yí èékánná ká pẹ̀lú. Bí dúdú náà bá ti tú jáde sórí awọ yẹn, tàbí tí èékánná ti là níbi tí ìlà náà wà, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ.

Ẹ̀jẹ̀ tó dì sábẹ́ èékánná lẹ́yìn tí ènìyàn fẹsẹ̀ kọ òkúta ńkọ́? Ìyẹn máa ń bá èékánná rìn. Èékánná ọwọ́ ń hù tó nǹkan bíi mìlímítà 3 lóṣù, ti ẹsẹ̀ bí ìdajì rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ ó rí èékánná funfun mọ́lẹ̀ láàárín ìdí rẹ̀ àti ibi dúdú náà. Bí dúdú bá ṣì wà nídìí gbọningbọnin, ẹ má pè é ní ọgbẹ́ mọ́. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún Bob Marley ni tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n kà á sí ọgbẹ́ bọ́ọ̀lù, kí wọ́n tó mọ̀ lọ́dún 1977 pé mẹlanómà ni. Ọdún 1981 ló kú, ẹni ọdún 36. Ẹ̀yin obìnrin tí kútẹ́ẹ̀sì tàbí èékánná àlẹ̀mọ́ kì í kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kí èékánná wà lásán fún ọjọ́ kan lóṣù, kẹ́ ẹ lè rí i.

Ohun tó máa ń bàjẹ́ jù ni pé wọ́n á pe mẹlanómà ní nǹkan mìíràn. Lábẹ́ ẹsẹ̀, wọ́n á ní ẹran líle ni. Lára alátọ̀gbẹ, wọ́n á ní egbò ṣúgà ni. Nínú èékánná, wọ́n á ní kòkòrò ló ń jẹ ẹ́. Ọ̀kan tiẹ̀ wà tí kì í dúdú rárá: pupa ni, ó rọ̀, ó dà bí ẹran tó hù lójú egbò, bí a bá sì fọwọ́ kàn án, ẹ̀jẹ̀ ni. Ìgbà mìíràn, wọ́n á fi okùn dí i títí tí á fi já, wọ́n á da omi bátìrì sí i, tàbí kí ẹni tó ń lu sísọ́ọ̀sì kiri àdúgbò bá wọn fi abẹ gé e. A ò bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé orí á kúrò, gbòǹgbò á kù sísàlẹ̀, àpá á bò ó, kò sì sẹ́ni tó lè mọ ohun tí wọ́n gé sọnù mọ́.

Kì í ṣe mẹlanómà nìkan ni jẹjẹrẹ awọ. Èyí tó ń jáde látinú egbò adáàjiná àti àpá iná tún wà. Ẹni tí kẹrosíìnì jó lọ́mọdé, tí àpá rẹ̀ ń la, tó ń san, tó tún ń la fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó ṣọ́ etí egbò náà. Bí etí rẹ̀ bá le, tó ga, tó ká síta, tó ń rùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí dókítà gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ ṣàyẹ̀wò. Egbò tó bá ti lo oṣù mẹ́ta láìjiná pẹ̀lú ìtọ́jú gidi, àyẹ̀wò yìí tọ́ sí i. Ti àwọn àfín yàtọ̀ pátápátá sí tiwa, torí oòrùn gan-an ni ọ̀tá wọn: ojú, etí, ètè, ọrùn, ẹ̀yìn ọwọ́. Èépá tí kì í kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan kì í ṣe ohun à ń fi ìpara pa lójú. Láti kékeré ni kí ọmọ àfín ti máa wọ fìlà olétí gbọọrọ àti aṣọ alápá gígùn, kí dókítà sì máa wò ó, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

Rẹ́mọ ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni méjì, ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣágámù àti ti Babcock ní Ìlíṣàn. Ìjẹ̀bú-Òde ní Ilé Ìwòsàn Ìjọba tiẹ̀. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ níbi tó sún mọ́ yín, kí dókítà ibẹ̀ kọ lẹ́tà fún yín. Ẹ mú àwọn fọ́tò inú fóònù dání. Bó bá fura, yóò fún yín ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú awọ kú, yóò sì gé gbogbo àmì náà pẹ̀lú mìlímítà 2 yí i ká, tàbí kó mú díẹ̀ níbẹ̀ bó bá tóbi jù. Wọ́n máa ń sọ pé bí abẹ bá kan jẹjẹrẹ, ó di ìtànkálẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò yìí kì í tàn án ká, ìdádúró ló ń fún un láyè.

Ohun tí wọ́n bá gé gbọ́dọ̀ wọ inú ìgò fọmalíìnì, ìyẹn oògùn olómi tí kì í jẹ́ kí ẹran ara jẹrà, lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe omi, kì í ṣe ìpara apakòkòrò. Mọ̀lẹ́bí aláìsàn ni wọ́n sábà máa ń rán ní ìgò náà lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Kẹ́ ẹ tó kúrò, ẹ wò ó pé orúkọ, ọjọ́, àti ibi tí wọ́n ti gé e wà lára ìgò fúnra rẹ̀, kì í ṣe lórí ìdérí, torí ìdérí lè bọ́ mọ́ ìgò ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ gba èsì, kẹ́ ẹ sì bèèrè iye mìlímítà tí wọ́n kọ síbẹ̀ pé ó jìn tó bó bá jẹ́ mẹlanómà. Nọ́ńbà yẹn ni oníṣẹ́ abẹ yóò fi mọ bí yóò ṣe gé ara tó yí i ká tó: sẹ̀ǹtímítà 1 bí kò bá ju mìlímítà 1 lọ, sẹ̀ǹtímítà 2 bó bá ti ju mìlímítà 2 lọ.